Ìdí Tí N Ò Fi Gbé Ìpè Yín

                                                  Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                                  Lẹ́yìn Ilé Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọmọ ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara ti le? Ṣé ojú iṣẹ́ abẹ yẹn ti jinná? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bá rédíò jà láràárọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tí kì í jẹ́ kí ẹ sinmi? Mo kí gbogbo yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ń bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ pè mí títí, n ò gbé fóònù. Àwọn lẹ́tà yín náà, n ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kọ̀wé sí mi pé ẹ ní òkìkí ti ń pa mí bí ọtí. Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìgbéraga. Etí mi ti di. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá.

Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, agogo ẹnu ọ̀nà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdajì dùùrù dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń pa iná ilé ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo fi í pamọ́. Ta ni yóò gbà pé adití mọ orin? Akọ̀wé báńkì kan tí mò ń kọ́ ní dùùrù fura. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ kátikàti láti dán mi wò. Mo ní, “Ẹ káre, ẹ ti ń mọ̀ ọ́n!” Kò padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in, àmọ́ n ò rí ẹni bá rín in.

Ẹ lè béèrè ìdí tí mo ṣì fi ń kọ orin sílẹ̀ sínú ìwé. Inú orí mi nìkan ni ìró kù sí. Bí mo bá mú pẹ́ńsùlù, àwọn fáyólìn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi náà á sì wà láàárín èèyàn. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, ó ku èmi àti ògiri.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, èèyàn mẹ́rin fi fáyólìn kọ orin mi tuntun nínú gbọ̀ngàn kan. Mo jókòó síwájú, mò ń fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Nígbà tó parí, mo rí i tí àwọn èèyàn dìde tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yí mi ká lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹnu ń lọ sókè sódò, èmi kàn ń mi orí bí alángbá. Bàbá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, “Inú mi dùn gan-an láti gbọ́ ọ! Ẹ ṣeun.”

Ojú bàbá náà yí padà. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó jáde. Obìnrin tó fi fáyólìn ńlá kọrin láàárín àwọn mẹ́rin náà, òun nìkan ló ti fúnra rẹ̀ mọ àṣírí mi, ló kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò fún mi: “Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun sin ìyàwó òun.”

Mo já ìwé náà àti pẹ́ńsùlù rẹ̀ gbà, mo sáré lé bàbá náà dé ibùdókọ̀. Mo ní, “Ẹ dákun, ẹ má bínú. Adití ni mí, n ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi. Ó wò mí títí. Ó gba ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ pé: “Níbi tí fáyólìn ńlá ti ń dá sọ̀rọ̀, mo sọ lọ́kàn mi pé ẹnì kan ti mọ bí ilé mi ṣe dá páropáro.” Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, kò wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀sì náà sì lọ. A jọ jókòó síbẹ̀.

Bí mo bá lè sọ ọ́ fún ẹni tí n ò mọ̀ rí, kí ló dé tí màá fi pa á mọ́ fún ọmọ ìyá mi? Ẹ forí jì mí. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, kí ẹ sì kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ.

Bí ara yín bá ti gbà á, ẹ wá wò mí. Ẹ má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ kàn ṣí i, kí ẹ wọlé.

                                                  Èmi tí ẹ pọ̀n dàgbà,
                                                  Aláriwo.