Dókítà Tó Mọ Ọkàn Nìkan

Àkọ́bí mi,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìwọ̀nyí: èémí ìyá rẹ tó ń já láàárín ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú débi pé sálúbàtà mi ló ń wọ̀ báyìí, àti dókítà tí o bá wa wá, tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Kí àlàáfíà wà pẹ̀lú rẹ, kí ilé tí o ń gbé má jò. Àwa ṣì wà láàyè. Ìyẹn náà la rí sọ.

Mo fi awò ojú mi wo dókítà yẹn dáadáa. Ọmọdé ni. O ní ọkàn nìkan ló mọ̀. Ṣé owó ilé ẹ̀kọ́ ló tán kí wọ́n tó kọ́ ọ dé orí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni? Bí orí bá fọ́ ìyá rẹ níwájú rẹ̀ ńkọ́? O tún ní kí n ka ohun tí àwọn aláìsàn tó ti tọ́jú kọ nípa rẹ̀, gbogbo wọn ló ń yìn ín. Mo kà á tán, àyà mi já. Àwọn tó yè ló kọ ọ́. Àwọn tí kò yè dà?

Nígbà tí dókítà náà pè wá lánàá lórí fóònù tó ń fi ojú ẹni hàn, tó ní òun fẹ́ wo bí ìyá rẹ ṣe ń mí, mo gbé fóònù lé e láyà, mo fi aṣọ bò ó kí atẹ́gùn má bàa dí wọn lọ́wọ́. Dókítà ń pariwo pé Bàbá, òkùnkùn biribiri lòun ń rí. Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé inú ọkàn ìyá rẹ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin bàbá yìí tó ń ráhùn pé ọkàn nìkan ló mọ̀, nígbà tí bàtà yín já, ṣé káfíńtà lẹ gbé e lọ bá? Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà ni èémí ti wọ́n ọn, ó di ògiri mú, kò lè rín in parí.

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mò ń sá fún. Kì í ṣe pé dókítà náà kò ní mọ ohun tó ń ṣe ìyá rẹ. Pé yóò mọ̀ ọ́n ni, yóò sì sọ ọ́ sí mi létí. Ṣùgbọ́n àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà tó ṣì ń jẹ́ àìsàn.

Fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà wa. Má fi sí báńkì, ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì níjọ́sí, n kò fẹ́ kó gbé owó ìtọ́jú mì. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọmọ tìrẹ náà yóò wá dókítà fún ọ.

Dúró dè wá ní ibùdókọ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, la ó gbéra. Bí mo bá pè ọ́ pé ó ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, má gbà fún mi. Ọjọ́ Ajé ni.