Bọ́ọ̀lù Irin Inú Àpò Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá àwa olùgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi.

Bọ́ọ̀lù ló kó ìdààmú bá mi, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń gbá o. Irin róbótó tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ ni, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Mò ń gbálẹ̀ nílé iṣẹ́ alájà mẹ́jọ kan, ọkọ mi ló sì ń tún lífìtì ibẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, mo he bọ́ọ̀lù kan lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa lífìtì náà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti di mẹ́rin. Mo fi wọ́n han ọkọ mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá àwọn ọmọ, kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Bóo bá pariwo, ọ̀nà oúnjẹ wa lo fẹ́ dí yẹn."

Mo kó wọn padà sápò mi. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ó fà mí lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn lífìtì, ó ní, "Àtẹ̀gùn ni kóo máa gbà." Òun náà ti ń gba àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń wọ lífìtì, wọ́n ń kí i, ó sì ń dá wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Bọ́ọ̀lù méje ló wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.