Màmá Subilaga Mwambene, Tíṣà Àwòrán Ilé-Ẹ̀kọ́ Isongwe, 1947–2024

Ní abúlé Isongwe, lẹ́bàá Tukuyu, ní ìsàlẹ̀ òkè Rungwe, ni wọ́n ti bí ìyá wa Subilaga ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1947. Bàbá wọn ni Anyosisye Mwasomola, àgbẹ̀ kọfí tí kì í pariwo. Ìyá wọn ni Tusubilege, ọmọ ìdílé tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí kíkọ́ ilé ọparun. Ìyá ìyá wọn ló máa ń fi amọ̀ funfun àti amọ̀ pupa ya ara ilé lọ́dọọdún tí òjò bá ti dá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ni yóò sì gbé igbá amọ̀ tẹ̀lé e. Màmá máa ń sọ fún wa pé kí àwọn tó mọ orúkọ ara àwọn kọ ni ìka àwọn ti mọ ìlà tó gún fà.

Ní 1955, wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1965, wọ́n lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Mbeya fún ọdún méjì. Nínú ìwé ẹ̀rí wọn, ìṣirò kàn ń rá pálá ni, ṣùgbọ́n níwájú àwòrán, olùkọ́ wọn kọ ọ́ pé: “Kò sí ohun tó kù tí mo lè kọ́ ọmọ yìí.”

Oṣù kìíní ọdún 1967 ni wọ́n gbé wọn padà wá sí Isongwe láti kọ́ kíláàsì kẹta. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú kíláàsì kan náà. Pépà kò sí, ọ̀dà kò sí, ṣọ́ọ̀kì pàápàá ń wọ́n. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n fi eédú ṣe pẹ́ńsù, wọ́n lọ amọ̀ pupa, wọ́n gún ata ilẹ̀ pupa fún àwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rún orí ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu bí orín títí yóò fi di búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gé ọ̀dùnkún sí méjì, wọ́n gbẹ́ ìràwọ̀ sójú rẹ̀, wọ́n rì í bọ inú amọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ẹnu ya gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá ka ọ̀dùnkún wọn padà, mẹ́sàn-án ti dàwátì.

“Ta ló jẹ ìràwọ̀ mi?”

Ẹnu mẹ́sàn-án ló pupa fún amọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Ó dùn ni.”

Ní 1969, ọ̀dọ́mọkùnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan, Asajile Mwambene, wá tún àwọn bẹ́ǹṣì ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Màmá lọ bá a níbi tó ti fẹ́ dáná sun àjákù pákó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Àwọn ọmọ mi fẹ́ yàwòrán sí i lára.”

“Ọmọ yín mélòó?”

“Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.”

Bàbá wa gbé òòlù sílẹ̀. “Háà! Ọkọ yín ń gbìyànjú o.”

“N ò tíì lọ́kọ.”

“Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá wí, “pákó ò ní wọ́n yín mọ́ láyé yín.” Oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Bàbá sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ fún ọdún méjìlélógójì.

Ohun tí Isongwe kò gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní 1978. Èsì ìdánwò kíláàsì keje kò dára lọ́dún yẹn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Mwakibinga, sì pe Màmá sí ọ́fíìsì.

“Ìyá Tumpale, ìdánwò ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ewúrẹ́ ṣe rí. Tí sáà yìí bá ti parí, àwòrán náà parí.”

Kò tán síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì Màmá, Atuganile ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, kò da ìlà kan kọ bó ti yẹ láti ojú pátákó rí. Àwọn olùkọ́ mìíràn ti nà án, àwọn ọmọ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ní, “Olódo ni ọmọ yẹn. Kó lọ máa já ewé tíì pẹ̀lú ìyá ẹ̀.” Màmá bẹ̀bẹ̀ títí, ọ̀gá kò gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbà ni kí ọmọ náà lo sáà yẹn tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ewé kọfí kan. Wọ́n ní, “Ẹ kọ́kọ́ ya ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ ya ohun tẹ́ ẹ rí lójú fèrèsé.” Ewé tí Atuganile yà dára ju ti gbogbo wọn lọ: gbogbo iṣan rẹ̀ pé, àní ihò tí kòkòrò jẹ síbẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ojú fèrèsé, igi férémù mẹ́rin ló yà. Àárín rẹ̀ ṣófo.

Ẹni tó jókòó tì í pariwo: “Ẹ wá wò ó o! Atuganile ti ta òkè Rungwe!” Kíláàsì rú fún ẹ̀rín.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atuganile. “Atu, òkè dà?”

Ọmọ náà wò wọ́n lójú, ó ní, “Òkè wo, Tíṣà?”

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yẹn ti ń gbé lábẹ́ òkè, tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú orin, tí kò sì rí i rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Màmá mú pákó àwòrán náà, wọ́n fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì. Ọ̀gá wo ewé náà pẹ́, ó wo férémù tó ṣófo. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka mẹ́ta sókè. “Atuganile, mélòó rèé?”

“Ọ̀gá, ibo lẹ wà?”

Ọ̀gbẹ́ni Mwakibinga padà wá jókòó. Ó ní, “Èmi ni mo pè é ní olódo. Èmi ni màá mú un lọ.” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Mbeya.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, awò tó nípọn wà lójú Atuganile, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi: ó ń ka ewé orí igi, ó ń ka adìẹ iwájú ilé onílé. Bí lọ́rì ṣe yí kọ́nà kan, ó kígbe.

“Tíṣà! Kí nìyẹn?”

“Rungwe ni.”

“Ìgbà wo ni wọ́n gbé e wá?”

Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ní ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Láti ìgbà náà, àṣẹ ni pé kí gbogbo kíláàsì máa yàwòrán ní ọjọ́ Ẹtì, ohun ọwọ́ àti ohun ojú fèrèsé. Kí oṣù kan tó pé, wọ́n ti rí ọmọ mẹ́rin mìíràn tí kò ríran jìnnà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá ń jókòó sẹ́yìn láti kọ́ àwòrán. Màmá yìn ín lọ́jọ́ kan pé, “Ọ̀gá, àga tẹ́ ẹ yà yìí dára gan-an.” Ó ní, “Ewúrẹ́ ni.” Atuganile wà láàárín wa lónìí, olùkọ́ ìṣirò ni.

Màmá fẹ́ràn Olúwa wọn. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, àwọn ni wọ́n sì ya ọkọ̀ Nóà sára ògiri yàrá àwọn ọmọdé. Màlúù, ewúrẹ́, adìẹ àti ọ̀bọ ló wà níbẹ̀. Pásítọ̀ béèrè pé, “Kìnnìún dà?” Màmá, tí kì í ya ohun tí wọn kò bá fojú rí, ní, “Ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà, Pásítọ̀.” Títí dòní, kò tíì dé.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2007. Ọdún 2011 ni Bàbá fi ayé sílẹ̀. Ọdún yẹn nìkan ni a kò rí eédú lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta níwájú ilé wa, wọ́n sì fọwọ́ kọ ogójì ẹ̀kọ́ àwòrán sínú ìwé kan tí àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ ń dà kọ káàkiri agbègbè yìí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2024, ọmọ mọ́kànlá ló wá. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni yíya ènìyàn tó jókòó. Màmá gbé àga síta, wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Ẹ wò mí dáadáa o. Ẹ má sọ mí di ọmọge. Gbogbo ara híhunjọ yìí, mo fẹ́ rí i níbẹ̀.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n sì dijú.

Nígbà tí Tumpale, àkọ́bí wọn, gbé tíì jáde, Gwakisa, ọmọ ọdún méje kan nínú àwọn tó ń yàwòrán, juwọ́ sí i pé kó rọra. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ má dá wọn lámùú o. Wọ́n ń ṣe dáadáa lónìí, wọn ò mira rárá.”

Tumpale gbé tíì sílẹ̀, ó fọwọ́ kan ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó di ọwọ́ náà mú, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ parí. Àwòrán mọ́kànlá yẹn ló wà lẹ́yìn ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Nínú gbogbo wọn, Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ mẹ́rin, Tumpale, Lusekelo, Ambonisye àti Asubisye, ọmọ-ọmọ mẹ́tàlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àbúrò wọn obìnrin kan, àti ọmọ kíláàsì tí a kò lè kà tán.

Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn tó tutù fún yín, ìyá wa. Àwọn ọmọ ti parí iṣẹ́ wọn. Tíṣà, ẹ lè mira báyìí.