Ṣáláńgá Ìjọ àti Kànga Ìyá Bọ́sẹ̀

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Òkè-Ìlá.

Inú ṣì ń bí mi. Àwọn ọkùnrin ìjọ wa fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè kànga Ìyá Bọ́sẹ̀, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi mu. Mo ní kí wọ́n dúró.

Alàgbà ní, "Ilẹ̀ Olúwa nìyí, Ìyá Tọ́lá. Ẹ fi iṣẹ́ wolé-wolé yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀gbin á ṣàn wọnú kànga. Òfin ìmọ́tótó ò gbà á."

Kò sẹ́ni tó gbè mí. Ọkọ mi pàápàá ń wolẹ̀. Mo bá gbé àga, mo jókòó sójú ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Oòrùn pa mí gan-an.

Nígbà tó yá, ìyàwó Alàgbà béèrè ibi tó dáa. Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀, tó jìnnà sí kànga, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ mú àdá wá.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Alàgbà ò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i pé ó dàárọ̀.

Màá lọ sí ìsìn lọ́la. Iwájú tí mo máa ń jókòó sí náà ni màá jókòó sí.