Tọ́bò Kan Ni Kí Ẹ Fi Sí Lọ́rì Wa, Bàámi

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbí kí n tó mú bírò, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà ní Odogbolu, ẹ kí gbogbo awakọ̀ gáréèjì yín. Ẹ kí Ṣẹ́gun àbúrò mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i.

Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí lẹ́tà ilé fi wà nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin náà lẹ fà á, Bàámi. Lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, Ṣẹ́gun ní ẹ gbé e lọ sí gáréèjì, ẹ ní kí tíṣà kan kà á sókè fún gbogbo awakọ̀, torí pé ọmọ yín tó ń ta ohun èlò lọ́rì ní Ìlú Ọba ló kọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní awakọ̀ méjì láti Ayépé ti ń wá tọ́bò méjì-méjì kiri bí mo ṣe wí. Ó dáa. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ irọ́ mi náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ òtítọ́, ìwé ìròyìn ló sì máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, títí kan àwọn ará Ayépé.

Irọ́ ni, Bàámi. Mo parọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò. Nígbà tí Ṣẹ́gun kọ̀wé béèrè pé ṣé tọ́bò kan ni kí wọ́n fi sí ẹ́ńjìnnì lọ́rì àbí méjì, ó fi fọ́tò kan sínú àpò lẹ́tà náà. Ó dúró síwájú lọ́rì yín, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé bọ́ńpà, kọ́kọ́rọ́ ń fì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti kun iwájú ọkọ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sí orí rẹ̀ pé ỌMỌ BÀBÁ. Háà! Ọmọ Bàbá kẹ̀! Ta wá lèmi? Ta ló ń gbé tọ́ọ̀ṣì fún yín lábẹ́ ọkọ̀ náà nígbà tí Ṣẹ́gun ń sá fún epo kó má ba ṣòkòtò òun jẹ́? Ta lẹ kọ́ láti fi etí mọ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn? Èmi Bísí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ tí ẹ máa fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́, ẹ ní obìnrin kì í wa lọ́rì pákó, ẹ fún ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí.

Mo jowú, Bàámi. Mi ò ní fi bò. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi fọ́tò náà sí, mo tún ń yọ ọ́ wò. Níbi iṣẹ́, àwọn awakọ̀ òyìnbó máa ń wọlé, wọ́n á wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó lè dá wọn lóhùn. Bí mo bá dárúkọ ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ wọn kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ojú á tì wọ́n. Inú mi á dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún. Bí mo bá dé yàrá mi, òtútù nìkan ló ń dúró dè mí. Mo máa ń rò ó pé lásìkò yẹn Ṣẹ́gun ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pẹ̀lú ẹrù pákó, ẹ̀yin náà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Ó ń ká mi lára gan-an.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ ọ́ pé méjì ni kó fi sí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Tọ́bò ni ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó sì ń ti atẹ́gùn púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Ọkọ̀ tó ń sáré ìje ló lè fi méjì ṣe fújà. Ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù lójoojúmọ́, tó ń dúró ní Odogbolu, tó tún ń dúró ní Ayépé, tó ń jẹ eruku látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀kan tó mọ níwọ̀n ló bá a mu. Méjì á fẹ́ páìpù méjì, á fẹ́ ọ̀nà ọ́ìlì méjì, ooru á pọ̀ jù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀kan bá fọ́, irin rẹ̀ lè bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó parí nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà dákú sójú ọ̀nà ni, kí Ṣẹ́gun dúró tì í, kí ẹ wá sọ pé ká ní Bísí ni. Ọkọ̀ tí ẹ fi rán wa níwèé! Ọkọ̀ tí ẹ fi ń jẹun títí dòní! Ẹ wo ohun tí owú sọ mí dà.

Ṣẹ́gun ní lẹ́yìn Iléyá ni mẹkáníìkì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ará Odogbolu kan tó ń bọ̀ nílé ń gbé tọ́bò kan bọ̀ fún yín. Èmi fúnra mi ni mo yàn án, mo fọwọ́ yí i wò, mo nù ún, mo fi ìró mi àtijọ́ wé e. Kí Ṣẹ́gun máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Tó bá gbẹ́rù gun òkè dé, kó má pa ẹ́ńjìnnì lójijì, kó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ná. Ẹ sọ fún àwọn ará Ayépé náà.

Mi ò tíì dẹ́kun owú jíjẹ o, ẹ má rò pé mo ti di áńgẹ́lì. Ohun kan ni mo ń tọrọ. Ẹ jẹ́ kí ỌMỌ BÀBÁ wà níwájú bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí pẹ́ńtà kọ BÍSÍ sí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, lókè ibi tí tọ́bò wà, kí Ṣẹ́gun máa kà á nígbàkigbà tó bá ṣí i.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó ṣọ́ Ṣẹ́gun lójú ọ̀nà, kó má sì gbọ́ àdúrà tí mo gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Tí tíṣà bá ka lẹ́tà yìí ní gáréèjì, ẹ ní kó gbé ohùn sókè dáadáa tó bá dé ìparí rẹ̀:

Èmi náà, ọmọ yín,
Adébísí