Bí Ìran Adìyẹ Bàbá Rẹ Ṣe Ń Parẹ́ Lọ

Horebeke,
Ọjọ́ Àìkú, nínú oṣù Kẹfà.

Lutgart, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tí mi ò tíì fojú kàn. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé òtútù Kánádà kò fìyà jẹ yín jù lọ́dún yìí. Ara tèmi náà kò burú. Eékún ọ̀tún ṣì máa ń dùn mí bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mò ń sùn, ewébẹ̀ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé sì ti ń yọ orí.

Nígbà tí o wá sin bàbá rẹ, o bi mí níwájú àwọn èèyàn pé kí ló dé tí mo fi lé Gentiel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kúrò nídìí pósí, tí mo ní kó má fọwọ́ kàn án. O ní ìwà ìkà ni mo hù, pé ọkùnrin náà ń sunkún bí ọmọdé. Mo dákẹ́ nítorí pé àlùfáà ń dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi báyìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Jókòó kí o tó máa kà á lọ.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn àwọn adìyẹ Brakel rẹ̀. Lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ló ti jogún wọn, ọrùn wọn funfun báláú, ara wọn abilà dúdú tó mọ́ kedere bíi pé èèyàn ló jókòó fà á. Gentiel ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n Achiel àbúrò ni bàbá wọn kó adìyẹ fún. Gentiel lọ wá Brakel tirẹ̀ ra, abilà ara wọn sì máa ń rú pọ̀ ni. Lọ́dọọdún, níbi ìdíje adìyẹ, bàbá rẹ ló ń gba ife ẹ̀yẹ. Kì í sì í ṣe ẹni tó mọ bí a ṣe ń borí kí a dákẹ́. Mo rántí ọdún kan tó dúró níwájú àgò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń mu bíà, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó wọn lọ sílé kí ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀. Ìkòkò ò mọ abilà." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Gentiel náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún tó kọjá, nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti dá bàbá rẹ dùbúlẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọ ilé adìyẹ wa. Èmi ni mo gbé oúnjẹ wọn lọ láàárọ̀. Ẹyọ kan péré ló gbé lọ, ṣùgbọ́n ó ti bu gbogbo wọn lọ́rùn jẹ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Bàbá rẹ wo ojú mi, ó ní, "Ṣé gbogbo wọn ni?" Mo ní gbogbo wọn ni. Ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá ló bi mí bóyá mo ti ta ẹyin tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mo ní mi ò tíì tà á. Ó dìde jókòó.

Apẹ̀rẹ̀ ẹyin kan, ohun tó kù nínú ìran adìyẹ náà nìyẹn. A gbé ẹ̀rọ tó fi ń pa ẹyin wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó bu omi sí i, ó tan iná sí i, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ẹyin. Nígbà tó fi tọ́ọ̀ṣì tàn wọ́n wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó pariwo pè mí láti ilé ìdáná: "Roza! Wá wò ó, ẹ̀mí ti wà nínú ẹ̀!" Mo rí iṣan pupa tín-ín-rín bí òwú, mo rí nǹkan kékeré kan tó ń mì láàárín wọn. Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ní Ghent ránṣẹ́ pé àyè ti wà fún un. Ó kọ̀, ó ní òun ò fi ẹyin òun sílẹ̀. Gentiel ló là wá. Ó ní, "Achiel, máa lọ jàre. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ọmọ ìkókó. Màá máa yí i, màá máa bomi sí i. Àbí o rò pé mo fẹ́ dín wọn jẹ ni?" Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún gbé kéèkì sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún un kí ebi má bàa pa á bó bá dé.

Nígbà tí a fi padà dé, ó ti tó àkókò tí èèyàn kì í ṣí ẹ̀rọ náà mọ́, nítorí bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá sá lọ, òròmọdìyẹ máa kú sínú èèpo ni. Bàbá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gentiel náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. A kàn ń wò wọ́n láti ojú díńgí orí rẹ̀ ni. Bàbá rẹ á gbé etí lé e láàárọ̀, á tún gbé etí lé e lọ́sàn-án. Gentiel ń wá mu kọfí lójoojúmọ́, òun náà á tẹ̀ ba, á ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni? Ọ̀kan ń ké níhìn-ín. Àbí etí ẹ náà ti lọ?" Bàbá rẹ á tún fetí sí i, á ní, "Ó dà bíi pé mo gbọ́ ọ o." Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pa kọjá. Gentiel ní wọ́n máa pẹ́ díẹ̀ ni, ó ní òtútù ló fà á. Ìgbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo mú ẹyin kan, mo fọ́ ọ sínú àwo. Pupa rẹ̀ mọ́ roboto, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bí ẹyin tí èèyàn fẹ́ dín. Mo fọ́ gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn rí.

Bàbá rẹ ní, "Ojú mi ti lọ, Roza. Èmi tí mo ní mo rí ẹ̀mí nínú ẹyin lásán." Mo ní èmi náà rí i. Ó ní mò ń fi bẹ́ẹ̀ tu òun nínú ni. Láti ọjọ́ náà kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bí mo bá gbé ìwé ìròyìn fún un, á ní kí n kà á sí òun létí. Gentiel gbá a léjìká pẹ́pẹ́, ó ní, "Fara balẹ̀, àbúrò mi. Ara tó ń gbó ni."

Nígbà tó di ìgbà ìwọ́wé, Gentiel gbé ìkòkò ọbẹ̀ adìyẹ kan wá, ewébẹ̀ kún inú rẹ̀, ó ń ta sánsán. Bàbá rẹ tí kì í jẹ ju òkèlè búrẹ́dì kan lọ nígbà yẹn, ó jẹ àwo kan tán, ó ní kí n bu òmíràn. Inú mi dùn. Gentiel dúró títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó wá ní, "Ṣé ó dùn?"

Bàbá rẹ ní, "Ó dùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun."

Ó ní, "Ó yẹ kó dùn. Adìyẹ ẹ ni. Ilé mi ni ẹyin ẹ pa sí, ẹyin inú ṣọ́ọ̀bù ni mo tò sínú ẹ̀rọ ẹ. O ní kí n fi Brakel se ọbẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo rò ó pé tìẹ á dùn ju tèmi lọ."

Lutgart, láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìdílé yẹn ni mo ti ń sọ "ẹ" sí ọkùnrin náà. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣíwọ́. Mo ní, "Ìwọ Gentiel, jáde nílé mi." Ó gbé ìkòkò rẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé pé ìyókù ṣì wà nínú àwo mi.

Mo rò pé bàbá rẹ máa bì í, tàbí kó pariwo. Kò ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Dúró ná, ẹ̀gbọ́n. Ṣé àwọn tó kù dára?" Gentiel ní wọn ò lẹ́gbẹ́. Bàbá rẹ mi orí. Nígbà tí Gentiel jáde tán, mo fẹ́ lọ pariwo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ pe ọlọ́pàá, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Jẹ́ kó máa sìn wọ́n. Bàbá wa ò sọ gbogbo nǹkan fún un." Nígbà òtútù, Gentiel kó wọn lọ síbi ìdíje, ó gba ife.

Ohun tí bàbá wọn kò sọ fún un nìyí. Ìran adìyẹ náà ti ń gun ara wọn pẹ́ jù, bí àkùkọ tí wọ́n jọ pa bá gùn wọ́n, ọmọ wọn á kú sínú èèpo. Ọkùnrin kan wà lábúlé mìíràn tí ẹ̀ka mìíràn nínú ìran náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gba àkùkọ. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ wọn.

Nígbà tí àwọn adìyẹ náà yé ẹyin, Gentiel tò wọ́n sínú ẹ̀rọ, ẹ̀mí wọ inú wọn, òròmọdìyẹ dàgbà nínú èèpo, wọ́n sì kú síbẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n jáde. Ó tún tò ó. Wọ́n tún kú. Ó mú àkùkọ láti inú Brakel tirẹ̀ àtijọ́ gùn wọ́n, àwọn ọmọ tó jáde ní abilà rúdurùdu. Ló bá tún padà wá sílé wa, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà. Bàbá rẹ ní kí n jẹ́ kó wọlé.

Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ọkọ mi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Gentiel fa àga. Ó ní, "Ṣé wọ́n dá ihò sí èèpo kí wọ́n tó kú?" Gentiel ní àwọn kan dá a. "Ṣé wọ́n ké?" Ó ní wọ́n ké. "Ó pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi dókítà. Lẹ́yìn náà á ní kó fi omi kún un, tàbí kó dín ooru kù, á sì rán an lọ sílé lọ pa òmíràn. Gbogbo rẹ̀ irọ́ ni. Gentiel á padà wá ròyìn òkú. Bàbá rẹ á máa fetí sílẹ̀, á dijú, ẹ̀rín á sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà bà mí lẹ́rù. Mi ò ní kó ṣíwọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Àkùkọ ni ò sí lọ́wọ́ ẹ. Ọkùnrin kan ló máa ń fún mi. Mi ò ní sọ orúkọ ẹ̀ fún ẹ." Gentiel di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lórí ibùsùn. Ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ jáde láyé. Ẹkún tí o rí nìyẹn. Nítorí orúkọ yẹn ló ṣe ń sunkún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi nínú ọgbà. Ó ní, "Roza, mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe nítorí tèmi, nítorí adìyẹ bàbá wa ni." Mo ní, "Mo mọ orúkọ ẹ̀. Mo mọ ilé ẹ̀. Mo mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀. Màá gbé gbogbo ẹ̀ wọ ilẹ̀." Ọkùnrin tó ni àkùkọ fúnra rẹ̀ gbọ́, ó wá kí mi, ó ní àkùkọ òun kan ṣoṣo tó kù ti ń darúgbó, pé bí mo bá gbà, òun á gbé e fún Gentiel, ó ní, "Ìyàwó Achiel, àwọn adìyẹ ò jalè." Mo se kọfí fún un, mo sì ní rárá.

Bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gba ẹ̀yìn ọgbà Gentiel kọjá. Àwọn adìyẹ náà lẹ́wà, Lutgart. Oòrùn ń mọ́lẹ̀ sára wọn, wọ́n ń yé, wọ́n sì ń kígbe bí wọ́n bá yé tán. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ni ìgbẹ̀yìn. Mo máa ń dúró wò wọ́n dáadáa. Òun náà máa ń dúró lójú fèrèsé. A kì í kí ara wa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé rẹ tú. Kó pa ọkọ rẹ mọ́ fún ọ, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn ara wọn, kí ọwọ́ ọ̀kan má ṣe wúwo sí èkejì. Oúnjẹ tí o bá jẹ kó ṣara lóore, kí ẹ̀rù má bà ọ́ níbi tí o bá sùn.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń rántí rẹ lójoojúmọ́,
Roza.

Àfikún: Mo gbọ́ pé Gentiel ti gba àdírẹ́sì rẹ lọ́wọ́ àlùfáà. Bó bá kọ̀wé sí ọ, á bẹ̀ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dùn ún gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ orúkọ ọkùnrin náà síhìn-ín. O fojú jọ mí, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ rọ̀ ju tèmi lọ.