Nítorí Kí Ojú Mi Má Ba Iṣẹ́ Rẹ Jẹ́

Ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n, Onímọ̀ Ohun Tíntín,

Mo kí ọ káàárọ̀, mo kí ọ káàsán, mo sì kí ọ káalẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, òtútù yàrá iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ẹlẹ́dàá tí kò gbàgbé ọgbọ́n sẹ́yìn nígbà tó ń dá ọ kò ní gbàgbé ìwọ náà sí ojú ọ̀nà. Àwa wà níbí, a ń mí, a ń jẹun, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí o. Tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní kí òun bá mi kọ ọ́ kó lè yá, mo ní rárá, ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ kì í yá ẹnu ẹlòmíràn lò.

Bàbá rẹ ní o bi òun ṣé Màmá àgbà ń bínú sí ọ ni. O ní oṣù mẹ́rin rèé tí o ti ń pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú ẹni hàn, tí o kò rí nǹkan kan ju òkùnkùn lọ, tí ohùn mi á sì máa jáde bí ohùn ẹni tí wọ́n tì mọ́nú àpótí. Ọmọ mi, n kò bínú. Ìborùn mi ni mo fi ń bo ihò tí fóònù fi ń wòran, tí èmi náà á sì di ojú tèmi pinpin. Fọ́tò rẹ tó wà ní pálọ̀, mo ti dojú rẹ̀ kọ ògiri. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí o tó rò pé orí mi ti ń dàrú.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo wá sí ibi iṣẹ́ rẹ? Obìnrin ẹnu ọ̀nà fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ mi sí i láìtẹ ìka. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìdí tí mo fi wá, mo kọ pé ìfẹ́ ni. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ilé iṣẹ́ tó rán mi, mo kọ pé ìyá bàbá rẹ̀ ni mí, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Obìnrin náà kà á, ó wò mí, ó sì fi káàdì kan há mi láyà bí ẹni tí wọ́n ń dá lọ́lá. Wọ́n ní kí n dá káàdì náà padà bí mo bá ń lọ, n kò dá a padà, ó wà nínú àpótí mi. Ìjẹ́wọ́ kìíní nìyẹn.

O mú mi wọ inú yàrá yẹn. O da omi kan tó ń rú èéfín funfun sórí òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan, mo rò pé ó gbóná ni, o ní òtútù rẹ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. O wá gbé òòfà kékeré kan sí òkè òkúta náà, òòfà náà kò sì bà lé e. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́. Kò sí okùn, kò sí òpó, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan. O ní kí n ya ewé kan nínú ìwé mi kí n fi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ìwé sì kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mo ti wà láyé, gbogbo ohun tí mo ti fi ọwọ́ sílẹ̀ ló ti já bọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ohun kan wà tí ọmọdé rí lórí ìdúró tí èmi kò rí ní gbogbo ìjókòó mi.

Lẹ́yìn èyí lo fi ẹ̀rọ ńlá hàn mí, èyí tí iṣẹ́ rẹ gan-an wà nínú rẹ̀, tó rọ̀ sílẹ̀ láti òkè bí fìtílà oníwúrà. O ní irin kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tó kéré ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, pé ọjọ́ tí o bá rí i tí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá láì rẹ̀ ẹ́ rárá ni iṣẹ́ rẹ parí, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò pè ọ́ ní dókítà. Fèrèsé róbótó kan wà lára ẹ̀rọ náà. Nígbà tí o jáde lọ dá fóònù lóhùn, mo yọjú wò ó. Ìjẹ́wọ́ kejì nìyẹn. N kò sì wò ó fẹ́ẹ́rẹ́, mo wò ó dáadáa, mo tilẹ̀ kí i.

Ìgbà tí a wá ń jẹun lọ́sàn-án lo ṣàlàyé fún mi pé àwọn ohun tíntín inú irin kì í hùwà bíi tiwa. Àwa mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n o ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè gba ọ̀nà méjì wọjà lẹ́ẹ̀kan náà. O ní bí ènìyàn bá ti wò ó báyìí, kíá ni yóò mú ọ̀nà kan, tí yóò máa ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ lòun wà láti àárọ̀. O ní wíwò ló ń yí i padà. Oúnjẹ há mi lọ́fun. O rò pé egungun ni, o fún mi lómi.

Ọmọ mi, oṣù méje gbáko lẹ́yìn náà ni irin rẹ fi dákẹ́. Bàbá rẹ ń sọ fún mi. Ó ní o sunkún lórí fóònù, pé ọ̀gá rẹ ní bí ọdún bá fi parí tí irin kò dáhùn, kí o jáwọ́, kí o máa bọ̀ nílé. Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìdí mi kò gba ìjókòó. Ta ló wo irin? Èmi ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá rẹ lọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Ó ní kí ló jẹ́ tuntun nínú ohun tó wà níbi méjì, pé ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí òun ti ń dúró de rédíétọ̀ ọkọ̀ òun, pé bí òun bá pe ọkùnrin tó ń tà á, á ní ó wà lórí òkun, bí òun bá pe ìyàwó rẹ̀, á ní ó ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, ọjọ́ tí òun sì fi ojú ara òun lọ wò ó, kò sí níbì kankan. Ó ní kí wọ́n bá òun náà wá ìwé dókítà. Mo ní kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sílé, ẹ̀rù bà mí. Bí rédíétọ̀ tó tóbi tó àwo ńlá bá lè sá fún ojú, mélòó mélòó ni ohun tí ojú kò rí rí.

Tíṣà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní wíwò tí ẹ̀yin ń wí kì í ṣe ti ojú àgbàlagbà, pé ẹ̀rọ lẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Tíṣà kò sí níbẹ̀ nígbà tí èmi bà lé irin yẹn. Mo sì mọ bó ṣe ń rí bí gbogbo kíláàsì bá ń wò mí nígbà tí mo dúró síwájú pátákó, lẹ́tà tí mo mọ̀ ọ́n kọ nílé á fò lọ lọ́wọ́ mi. Bí ojú bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi tí mo sanra tó báyìí, kí ni kò ní ṣe fún ohun tíntín?

Mo wá rò ó pé ojú mi wà lára rẹ, ojú rẹ wà lára irin. Kí n kúkú gbé ojú mi kúrò. Bí mo ṣe yí fọ́tò padà nìyẹn, tí mo bo fóònù. Kò rọrùn o. Láràárọ̀ ni mo máa ń kí fọ́tò rẹ, ní báyìí ẹ̀yìn férémù ni mò ń kí, níbi tí ìṣó méjì àti okùn wà.

Ọjọ́ kẹtàlélógójì tí mo ti yí fọ́tò náà padà ni bàbá rẹ sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú epo ọkọ̀ ní ọwọ́ méjèèjì. Ó ní irin ti dáhùn. Ó ní iná gba inú rẹ̀ kọjá, kò rẹ̀ ẹ́, pé ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, bákan náà ló rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun kan wà nílé ayé yìí tó ń rìn tí kò rẹ̀ ẹ́, ọmọ ọmọ mi ló rí i. Mo dìde láti lọ yí fọ́tò padà, ọwọ́ mi ti kan férémù kí n tó rántí pé iṣẹ́ kò tíì parí, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n márùn-ún ṣì fẹ́ bi ọ́ léèrè. Mo fi í sílẹ̀.

O wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni wọ́n máa bi ọ́ léèrè, pé àga kan wà níwájú gan-an tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, pé bí n kò bá wá, ayọ̀ rẹ kò ní kún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú àgbà ló ń wọ́ orí ọmọ ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó.

Màá wá. Ṣùgbọ́n màá yí àga náà padà, màá kọ ẹ̀yìn sí ọ. Bá mi sọ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé kì í ṣe àfojúdi. Etí nìkan ni mò ń mú bọ̀, o kò sì sọ fún mi rí pé gbígbọ́ ń yí i padà.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ èmi àti bàbá rẹ ránṣẹ́, nítorí rédíétọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbi méjì. Fi owó awò ojú kún un. Ẹsẹ̀ kan ti ṣẹ́ lára èyí tí mo ní, òwú ni mo fi so ó. Kì í ṣe ìwé ni mo fẹ́ fi tuntun kà. Bí wọ́n bá bi ọ́ tán, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, má pariwo pè mí, rọra wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ìgbà náà ni mo máa mọ̀ pé ó parí. Màá wọ awò mi, màá yíjú, màá sì wò ọ́. Má ṣe kánjú níbẹ̀ o, oṣù mẹ́rin ni ojú mi fi gbààwẹ̀ rẹ.

Kí Ẹni tó gbé òòfà dúró nínú afẹ́fẹ́ láìsí òpó gbé ìwọ náà dúró níwájú àwọn márààrún. Kí o máa rìn, kó má rẹ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ, ẹni tí o máa kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀.